Àpá Tí Kò Mọ Ibi Tó Yẹ Kó Dúró

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, etí òsì mi ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹtí kejì tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó sì mọ́ díẹ̀ ju ara tó yí i ká lọ. Kò tóbi ju èékánná ìka kékeré lọ. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé iná ló jó mi níbẹ̀ nígbà kan. Kì í ṣe iná. Kókó kan ló wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tó tóbi tó kóró àgbálùmọ̀ méjì tí a so pọ̀, tó máa ń yún mi lóru tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi etí ra ìrọ̀rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò àti awọ ara ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti wà lórí àga aláìsàn tó ń sunkún, mo sì ti jẹ́ ẹni tó ń di aláìsàn lọ́wọ́ mú nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: àpá tó bá ń hù, ẹ má fi ìbínú gé e, ẹ má fi ìtìjú bò ó, bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìdajì.

Ọdún 1976 ni ọ̀ràn tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ihò kan péré ni ìyá mi lu sí etí mi kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Àmọ́ àṣà ìgbà náà ni kí ọmọge fi yẹtí méjì sí etí kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó fi iná ìṣáná ra ẹnu rẹ̀, ó sì gún etí mi lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí a jọ ń gbé. A rẹ́rìn-ín, a fi àdí sí i. Egbò náà jinná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọwọ́ mi kan ohun kan níbẹ̀ tó rí bí hóró ọkà bàbà. Kó tó di ọdún kejì, ó ti ju ẹ̀pà lọ. Mo ṣíwọ́ ṣùkú dídì, nítorí ṣùkú a máa fi etí hàn. Gèlè ni mo ń wé wálẹ̀ bo etí, kódà nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn.

Kílọ́ìdì ni àwọn oníṣègùn ń pe ohun náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ògiri ṣe àlàyé rẹ̀. Bí ògiri bá sán, a ó pe bíríkìlà. Bíríkìlà á po sìmẹ́ńtì, á dí ojú sísán náà, bí ó bá ti tẹ́jú pẹ̀lú ògiri, á nu irinṣẹ́ rẹ̀, á gba ilé lọ. Nínú awọ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà yẹn nígbàkúùgbà tí ara bá ya. Sìmẹ́ńtì tiwọn ni kọ́lájínì, ìyẹn àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń mú kí awọ le. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí egbò bá ti dí, àṣẹ a jáde pé ó tó, iṣẹ́ a dúró. Lára àwa tí kílọ́ìdì ń mú, àṣẹ yẹn kì í jáde bó ṣe yẹ. Bíríkìlà a máa rẹ́ ẹ lọ, títí sìmẹ́ńtì yóò fi yọ kọjá ojú sísán, tí yóò gun ògiri aládùúgbò.

Kì í ṣe gbogbo àpá tó wú ni kílọ́ìdì o. Àpá kan wà tó máa ń wú, tó máa ń le, tó sì máa ń yún, ṣùgbọ́n tí kì í kọjá ibi tí egbò ti wà. Láàárín oṣù kan sí méjì lẹ́yìn egbò ló sábà máa ń yọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí àkókò bá ti ń lọ. Kílọ́ìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù mélòó kan, ó lè ju ọdún kan lọ pàápàá, kó tó yọjú. Bó bá yọjú, á ré ààlà egbò kọjá, á wọ inú ara tí nǹkan kan kò ṣe. Kì í sì í sábà pẹ̀yìn dà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí àpá tó ré ààlà, ẹ má jókòó kí ẹ máa retí pé yóò rọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Èyí tó ṣì dà bí hóró ọkà, abẹ́rẹ́ díẹ̀ lè kápá rẹ̀. Èyí tó ti tó ẹyin ẹyẹlé, ìrìn àjò gígùn ni.

Àwa tí awọ wa dúdú ló máa ń mú jù, ó sì ń mú àwọn ará Éṣíà náà. Láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló ti wọ́pọ̀ jù, ìyẹn ìgbà tí ẹ wà yìí gan-an. Ó máa ń tọ ìdílé: bí ó bá wà lára ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kíyè sí ara yín. Ìsàlẹ̀ etí, àyà, èjìká, ẹ̀yìn, àgbọ̀n àti ìpàkọ́ ni ó fẹ́ràn jù. Kì í sábà dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Kì í ran ẹlòmíràn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹnì kan jẹ ẹyin nígbà tí egbò rẹ̀ kò tíì san. Ẹni tó bá ń fi í bú ọmọ ẹlòmíràn, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó fún un lórúkọ. Jean-Louis Alibert, oníṣègùn awọ ara ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ ní orúkọ tí ayé fi ń pè é, ní bí igba ọdún sẹ́yìn. Inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọwọ́ tí akàn fi ń mú nǹkan, nítorí bí àpá náà ṣe ń nawọ́ sí ọ̀tún àti òsì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ P. Omo-Dare kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, lórí ohun tí àwa Yorùbá ti mọ̀ nípa kílọ́ìdì láti ayébáyé. Kò yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ tí olóòlà ti ń kọ àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ sí ojú ọmọ láyé àtijọ́, tí a ti ń sín gbẹ́rẹ́ sí àyà àti èjìká, báwo ni àwọn ará ibẹ̀ kò ṣe ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ara tí àpá rẹ̀ ń tẹ́jú àti ara tí àpá rẹ̀ ń hù?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi kìíní fún yín. Ní 1978, mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, mo ní kí wọ́n gé e. Kò gbà wọ́n ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n rán an, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n ní ó ti parí. N kò bi wọ́n pé kí ló kàn, àwọn náà kò sì sọ fún mi. Fún bí oṣù mẹ́ta, gbogbo dígí tí mo bá kọjá ni mo ń yà wò. Ní oṣù kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, èyí tó hù jáde ti tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n gé, ó sì ti yọ sí iwájú etí àti ẹ̀yìn etí.

Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Ọgbẹ́ ló pe àwọn bíríkìlà wá nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ dókítà náà, ọgbẹ́ ló dá, ó sì tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún kílọ́ìdì tí wọ́n bá gé láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í lẹ́yìn, ìwé ìṣègùn sọ pé bí 45 ló kéré jù tó ń padà hù. Àwọn ìwé mìíràn kà á dé 100. Àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Bàbá oníṣègùn kan ló là mí lójú. Ó fi ìka méjì di kókó náà mú, ó yí etí mi sí ojú fèrèsé, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n lé e jáde, wọn ò ti ilẹ̀kùn.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un gé.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ká kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ná. Yóò pẹ́, yóò sì dùn ọ́. Ṣé wà á máa wá?”

Mo ní, “Màá máa wá, sà.”

Triamcinolone ni oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí à ń pè ní sìtẹ́rọ́ìdì ni, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣì ń kọ́kọ́ nawọ́ sí títí di òní. Àṣẹ tí ara kọ̀ láti pa, oògùn yìí ló ń bá a pa á. Ó ń mú kí àwọn bíríkìlà dẹwọ́, ó ń dín sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pò kù, ó ń jẹ́ kí ara rí ọ̀nà tú èyí tí wọ́n ti rẹ́ sílẹ̀, ó sì ń pa ìrora àti yíyún inú àpá náà. Mílígíráàmù 10 sí 40 nínú mílílítà kan ni wọ́n sábà ń lò. Dókítà ni yóò yan èyí tó bá ibi tí àpá wà àti bó ṣe le tó mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń wà láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì.

Màá sọ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ má baà débẹ̀ kí ẹ sá. Kílọ́ìdì tó ti dàgbà le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oògùn kì í fẹ́ wọlé. Mo rí i bí àtàńpàkò bàbá náà ṣe ń gbọ̀n níbi tó ti ń ti ìdí sìríńjì. Inú àpá gan-an ló ń fún un sí, nítorí bí oògùn náà bá bọ́ sínú ara tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lè jìn kòtò. Bó ṣe ń wọlé, àpá náà ń ṣì, ó ń funfun, bí ìgbà tí a bá tẹ orí èékánná mọ́lẹ̀. Ó dùn mí dé eyín. Lóde òní, wọ́n lè pò ó mọ́ oògùn tó ń pa ara kú, wọ́n sì lè fi yìnyín tẹ ibẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ẹ bèèrè fún un. Ẹni tó bèèrè kì í ṣe ojo. Nígbà tó fi máa di abẹ́rẹ́ kẹta, oògùn ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́, àpá náà ti ń rọ̀. Yíyún ló kọ́kọ́ lọ. Mo sùn lórí etí òsì mi lóru ọjọ́ kan, n kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì, òun ló sì burú jù. Ó ti ń tẹ́jú. Mo wo dígí, mo ní ó tó. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n gba abẹ́rẹ́ kẹrin, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ni mo lọ. Èyí tó tẹ̀lé e, n kò dé ibẹ̀ rárá. Káàdì tí wọ́n ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí ṣì wà nínú àpótí mi: ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi báírò kọ tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà àlàfo oṣù méje. Nínú àlàfo yẹn ló ti jí. Nígbà tí mo padà, n kò lè gbójú sókè wo bàbá náà. Kò bá mi jà. Ó ní, “Ìwọ lo sọ pé ó tó. Òun kò tíì gbà.” Ó kọ ọjọ́ tuntun sí káàdì, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, láàárín ọdún 35, mo rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, inú wọn dùn, wọn kò padà wá. Àpá tó bá ṣì le lábẹ́ ìka, kódà bó ti tẹ́jú lójú, iṣẹ́ kò tíì parí. Dókítà tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò ló lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe dígí.

Oògùn tó lágbára, ó ní ohun tó máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí wọ́n bá fún triamcinolone sí lè mọ́ ju ara yòókù lọ, ó lè fẹ́lẹ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì lè máa hàn lára rẹ̀. Nǹkan oṣù obìnrin lè yí ọjọ́ padà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó lóyún, tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú, kó sọ fún dókítà kó tó na etí sílẹ̀. Ibi tó mọ́ lára etí mi yìí ni owó tí mo san, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ra oògùn náà ní kẹ́mísì kí ẹ ní kí ọ̀rẹ́ gún un fún yín nílé. Àwọn ìpara sìtẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń pò fún bíbó ara ńkọ́? Ẹ má fi wọ́n ra kílọ́ìdì tó ti nípọn. Wọn kì í sábà wọ inú rẹ̀ tó. Ara rere tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa bàjẹ́.

Bí triamcinolone nìkan kò bá ká a ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ewé tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń fi kún un ni fluorouracil, tí wọ́n ń pè ní 5-FU. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í tọ́jú jẹjẹrẹ, nítorí ó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ kọ́. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ má ké, kò túmọ̀ sí pé kílọ́ìdì yín ti di jẹjẹrẹ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún sínú àpá náà. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ triamcinolone, sìtẹ́rọ́ìdì tí wọ́n máa lò lè dín kù, ara kì í sì í fẹ́lẹ́ tàbí kó ṣì tó ti tẹ́lẹ̀. Ó lè mú kí ibẹ̀ dúdú fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè dá egbò síbẹ̀. Aboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ gbà á rárá. Bleomycin náà wà, òun pẹ̀lú jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ. Verapamil sì wà, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni gbogbo wọn yẹ.

Èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú ni sílíkóònù. Pẹlẹbẹ kan ni, ó rọ̀, ó ń dán, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ dúró kí egbò pa ojú dé ná, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Wákàtí 12 lójúmọ́ ló kéré jù, fún oṣù méjì sí mẹ́ta ó kéré tán. Nínú ooru tiwa yìí, òógùn máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn aláìsàn mi nìyí: láàárọ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sórí abọ́ mímọ́ kó gbẹ, ẹ má fi aṣọ nù ún nítorí fọ́nrán aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ, kí ẹ tó dá a padà. Fún ojú, èyí tó jẹ́ ìpara dára jù. Ẹni tó ti mọ ara rẹ̀ ló wúlò fún jù lọ, kó fi dènà kílọ́ìdì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìjàǹbá, kó tó hù.

Nitrogen olómi náà wà, tó tutù dé dígírì 196 lábẹ́ òdo, tí wọ́n fi ń mú kí àpá kékeré dì bí yìnyín. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bó àwọ̀ dúdú, kí ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó gbà á sí ojú.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kílọ́ìdì kan wà tó ti tóbi ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè kápá lọ, èyí tó rọ̀ sílẹ̀ létí bí èso. Ọ̀bẹ ni yóò gbé e kúrò. Àmọ́ ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ dá rìn. Kí wọ́n tó gbé yín wọ tíátà, ẹ bèèrè pé, “Dókítà, kí lẹ máa fi tẹ̀lé e?” Wọ́n lè ní àwọn yóò fún triamcinolone sí ojú ọgbẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, àwọn yóò sì máa fún un lọ fún oṣù díẹ̀. Wọ́n lè fún yín ní yẹtí tó ń fún etí pọ̀, tí ẹ ó máa lò lóru fún oṣù púpọ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n lè tan ìtànṣán sí ojú ọgbẹ́ náà láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ; aboyún kò gbọdọ̀ gbà á, wọn kì í sì í fẹ́ lò ó fún ọmọdé. Bí ẹni tó fẹ́ gé e bá ní kò sí nǹkan tó máa tẹ̀lé e, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, oògùn kan náà ni. Ẹ lọ bá dókítà àdúgbò yín, kí ẹ ní kó fi yín ránṣẹ́ sí oníṣègùn awọ ara tó ti tọ́jú awọ dúdú rí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta oògùn kílọ́ìdì ní ibùdókọ̀ ń dun ọkàn mi. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá wa nígbà kan, kò ju ogún ọdún lọ. Ẹnì kan ló ta omi dúdú kan fún un nínú ìgò kékeré, ó ní yóò jẹ kílọ́ìdì rẹ̀ tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́, ó jẹ etí mọ́ ọn. Mo ṣí òwú tó fi bò ó, ìdajì ìsàlẹ̀ etí náà ti lọ. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó di ìdí àga mú. Nígbà tí egbò yẹn jinná tán, etí àpá náà ló tún ti ń hu kílọ́ìdì mìíràn. Omi bátìrì, òwú tí wọ́n fi ń so ó pa, abẹ tí wọ́n fi ń là á, ọgbẹ́ ni gbogbo wọn, ọgbẹ́ ló sì ń bọ́ ohun tí ẹ fẹ́ pa.

Ó sàn kí a má tilẹ̀ pè é. Ẹni tó bá ní in nínú ìdílé, kó má lu ihò kejì, kó má gún imú tàbí ìdodo, kó má ya tátù sí àyà àti èjìká. Ní 2005, wọ́n gbé ìwádìí kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí etí lílù ti hu kílọ́ìdì fún: nínú àwọn tó kọ́kọ́ lu tiwọn láti ọmọ ọdún 11 sókè, 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló hu ú láti ihò àkọ́kọ́, nínú àwọn tó lu tiwọn ṣáájú ọjọ́ orí yẹn, kò tó 24. Mo rántí ìyá mi àti ọjọ́ kẹjọ mi. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ yín kó má fá ìpàkọ́ yín kanlẹ̀, pàápàá bí kókó kéékèèké bá ti ń yọ níbẹ̀. Irorẹ́ àyà àti ti ẹ̀yìn, ẹ tètè tọ́jú rẹ̀, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún yín, títí kan iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ẹ la ẹnu sọ ọ́: “Ara mi máa ń hu kílọ́ìdì.” Gbólóhùn yẹn lè yí bí wọ́n ṣe máa rán yín àti ohun tí wọ́n máa fi tẹ̀lé e padà.

N kò ní tàn yín jẹ. Kò sí oògùn kan nínú gbogbo èyí tó lè búra pé kò ní padà. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ohun tí à ń wá ni kó tẹ́jú, kó rọ̀, kó má yún, kó má dùn, kí ẹni tó ni ín lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irorẹ́ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ kílọ́ìdì àyà rẹ̀, ó ti gùn tó ìka. Ó fẹ́ kó lọ kó tó wọ aṣọ funfun. Mo ní, “Ìyá mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Lọ wọ aṣọ tó bo ọrùn, jó dáadáa, kí o padà wá bá wa lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.” Ó padà wá. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá, ó sì jókòó sí ìta pẹ̀lú báàgì rẹ̀ nígbà mẹ́jọ tó gba abẹ́rẹ́. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Èyí ni mo ń pè ní ìfẹ́.

Tèmi náà parí. Lẹ́yìn àlàfo oṣù méje yẹn, abẹ́rẹ́ méje ni mo gbà, ọjọ́ méje ló sì tẹ̀lé ara wọn lórí káàdì náà láìfo ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá náà ní kí n ṣì máa wá fún ọdún kan, kó lè máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó yí etí mi sí ojú fèrèsé bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó mú báírò, ó fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí káàdì.

Ó ní, “Ó ti gbà báyìí.”

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ di ṣùkú.